Àwòdì kọ́ ìtẹ́ sẹ́yìn ilé wa, ó ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ: kí la máa ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Mọ̀pà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni àwòdì méjì ti kọ́ ìtẹ́ sórí igi àràbà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Òròmọdìẹ tí wọ́n ti gbé lọ kò níye. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn já àkàrà gbà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé, ó sì fi èékánná ha ọmọ náà lẹ́yìn ọwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé aṣọ ìnuwọ́ pupa tí mo sá sórí okùn lọ. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Àbúrò ọkọ mi ní òun máa fi oògùn sínú ẹran, òun á gbé e sórí páànù. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ṣé ẹyẹ yìí lè gbé ọmọ? Ìyá Ìbejì ni mí.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, òkun o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù tó tóbi jù kúrò lọ́kàn yín: àwòdì ò lè gbé ọmọ. Kò lè gbé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò tiẹ̀ lè gbé ọmọ ọwọ́ pàápàá. Ìyẹ́ rẹ̀ ló gùn tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bani bó bá nà án lókè. Odindi àwòdì tó ti dàgbà kì í sábà wúwo tó kílò 1, bẹ́ẹ̀ ọmọ tuntun jòjòló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 3. Ohun tó bá wúwo ju ara ẹyẹ náà lọ, kò ní lè gbé e fò kúrò nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìtàn ẹyẹ tó gbé ọmọ pọ̀ káàkiri. Àpẹẹrẹ kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí rèé. Lọ́dún 1924, wọ́n rí agbárí ọmọdé kan ní Taung, ní ilẹ̀ South Africa, agbárí ẹ̀dá kan tó jọ èèyàn, tó wà láyé ní ohun tó ju mílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún un yẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí àpá nínú ihò ojú rẹ̀ tó bá èyí tí idì máa ń fi sára agbárí ọ̀bọ mu. Idì ńlá inú igbó kìjikìji, tó ń pa ọ̀bọ jẹ, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà wé. Ẹyẹ yẹn kì í wá bà sórí páànù ẹnikẹ́ni ní Mọ̀pà, àkàrà ò sì jẹ mọ́ tiẹ̀.

Ní ti ojú ibi tó ti ha Kẹ́hìndé, ẹ má fojú kékeré wò ó. Èékánná tó ń gbé òkú eku káàkiri kì í mọ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, bó tilẹ̀ ti ń gbẹ. Kí ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀ pé. Bí ibẹ̀ bá wú, tó ń gbóná tàbí tó ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé àwòdì ni a jọ ń sọ. Ìrù ni kí ẹ wò. Ìrù àwòdì là ní àárín, ó sì máa ń yí i sọ́tùn-ún sósì láì sinmi bó ṣe ń rábàbà. Ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó tún fi hàn mí nínú lẹ́tà yín ni àkàrà. Lọ́jọ́ tó já a gbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá tẹjú mọ́ ọn, á rí i pé kò bà síbì kankan kó tó jẹ ẹ́. Ó máa ń na ẹsẹ̀ tó fi di oúnjẹ náà mú síwájú, á tẹ orí wálẹ̀, á sì máa bù ú jẹ lókè lọ́hùn-ún bó ṣe ń fò lọ, èérún rẹ̀ á máa já bọ́ sílẹ̀. Díẹ̀ ni ẹyẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa.

Bí ẹ ṣe ní láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti dé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwòdì wa kì í gbé ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń wà lọ́dọ̀ wa, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń yé, tí wọ́n ń pa, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á gbéra, wọ́n á forí lé ìhà àríwá níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ ju tiwa lọ. Ẹyin 2 tàbí 3 ni wọ́n sábà máa ń yé. Wọ́n á sàba lé e fún bí oṣù kan ó lé díẹ̀, àwọn ọmọ á sì wà nínú ìtẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje kí wọ́n tó lè fò. Ìgbà tí ọmọ bá wà nínú ìtẹ́ ni ìyọlẹ́nu wọn máa ń le jù, nítorí ẹnu tí wọ́n ń bọ́ ti pọ̀. Ohun tó wà níwájú yín ni oṣù mélòó kan tí ẹ ní láti fi ọgbọ́n lò. Kì í ṣe wàhálà tí kò ní lópin.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ìnuwọ́ wàyí. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, ẹ ní mo kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ò ní bá àgbà jiyàn lórí ohun tí ojú wọn ti rí láyé, ṣùgbọ́n ti aṣọ tí àwòdì gbé yìí, mo lè sọ ibi tó wà: ó wà nínú ìtẹ́ lórí àràbà yẹn. Igi wẹ́wẹ́ ni àwòdì fi ń hun ìta ìtẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ló máa ń fi ohun rírọ̀ tẹ́. Àkísà, ìwé, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Mo ti tú ìtẹ́ kan wò rí nítòsí Ìsánlú lẹ́yìn tí ìjì ti gbé e wálẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sórí ara wọn. Àkísà àǹkárá wà níbẹ̀, okùn nílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di àpò iṣu wà níbẹ̀, ìdì irun tí àwọn obìnrin fi ń kún irun wọn náà wà níbẹ̀, èyí tó wé mọ́ igi débi pé mo ní láti fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Kò sí ẹni tó rán ẹyẹ yẹn níṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ni nǹkan wọ̀nyẹn.

Àwọn onímọ̀ tó ń ṣọ́ àwòdì ní orílẹ̀-èdè Spain tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011. Wọ́n rí i pé ọ̀rá funfun tí àwọn ẹyẹ náà ń tò sínú ìtẹ́ wọn ní ìwúlò: ẹyẹ tó lágbára jù ló ń tò ó jù, kí àwòdì mìíràn lè mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n lè wá jà sí. Ó wù mí kí ẹ sọ èyí fún ìyá bí ẹ bá rí àyè. Aṣọ tí ẹ bá sá síta lásìkò yìí, ẹ fi ẹ̀mú aṣọ mú un mọ́ okùn, pàápàá àwọn aṣọ kéékèèké.

Kí ló gbé wọn wá sí ẹ̀yìn ilé yín gan-an? Igi gíga wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ṣe kókó. Ẹ rìn yí ilé ká, kí ẹ wo ibi tí ẹ ń da ìfun ẹja àti ìfun adìẹ sí. Bí ààtàn bá wà lẹ́yìn ilé, tábìlì oúnjẹ ni ẹ tẹ́ fún àwòdì. Ẹ bo ìdọ̀tí oúnjẹ mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ jìnnà sílé kí ẹ tó dà á. Ohun kejì ni iná. Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sun igbó lásìkò ọyẹ́. Bí èéfín bá ti yọ, àwòdì á ti ibi gbogbo wá, wọ́n á máa já wọ inú èéfín láti gbé tata, aláǹgbá àti eku tó ń sá fún iná. Bí iná bá kú, tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú kalẹ̀ tí kò ku nǹkan kan, ìgboro ni wọ́n ń padà sí. Ẹni tó bá ń dáná sungbó nítòsí ilé ló ń pè wọ́n wá.

Fún àwọn ìbejì, ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n má jẹun ní gbangba títí àwòdì yìí á fi kó ọmọ rẹ̀ lọ. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí inú ilé ni kí wọ́n ti jẹ ẹ́. Àkàrà, ẹran àti ẹja ni kí ẹ ṣọ́ jù. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ jíjá oúnjẹ gbà, ó mọ̀ dáadáa. Ó ń wo ibi tí ojú èèyàn kọ sí, ẹ̀yìn ló sì máa ń gbà wá. Ẹni tó bá yíjú sí i, tó ń wò ó bọ̀, ó máa ń yẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba abẹ́ àràbà yẹn kọjá, ẹ ṣí agbòjò sórí, tàbí kí ẹ gbé igi kan dání kó ga ju orí yín lọ, kí ẹ sì máa wo òkè. Àwòdì tó ní ọmọ nínú ìtẹ́ lè já wálẹ̀ láti fi lé yín. Ó fẹ́ kí ẹ kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa sọ òkò sí ìtẹ́ náà, torí pé ẹyẹ tí wọ́n bá ń sọ lókò lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lé gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àwòdì. Ìyá adìẹ nìkan ò sì lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Àgò tí àwọn ìyá wa ń dé lé òròmọdìẹ lórí ṣì dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lónìí lọ. Ẹ dé wọn mọ́ abẹ́ rẹ̀ tàbí kí ẹ fi àwọ̀n ṣe ọgbà kékeré fún wọn, kí àwọ̀n náà bo òkè pẹ̀lú, títí wọ́n á fi tóbi ju ẹyẹlé lọ dáadáa. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kí ẹ ti máa fún wọn lóúnjẹ, kì í ṣe àárín gbangba. Bí ẹ bá lè ní ẹtù méjì nínú agbo adìẹ yín, ariwo wọn á máa ta yín lólobó kí àwòdì tó balẹ̀. Ẹ lè ta okùn káàkiri orí àgbàlá, kí ẹ so CD àtijọ́ tàbí téèpù kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kó máa dán, ṣùgbọ́n ẹ máa yí ipò rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ojú wọn tètè ń mọ́ nǹkan. Àwọn kan ń fi aró tàbí oògùn ojú ọgbẹ́ aláwọ̀ àlùkò kun òròmọdìẹ. Ó dára fún dídá adìẹ yín mọ̀ lára ti aládùúgbò. Èmi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e láti lé àwòdì.

Ẹ kíyè sí àsìkò tí òròmọdìẹ ń sọnù. Èyí tó bá pòórá lóru, ẹ má dá àwòdì lẹ́bi. Ó ti sùn. Ológbò, ejò àti àwọn ẹran ìgbẹ́ ni kí ẹ fura sí. Àwọn ẹyẹ mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi orúkọ àwòdì pè tí wọn ò jẹ̀bi. Àṣá kékeré kan wà tó ń gba àárín ilé méjì kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kíá. Aláǹgbá ló sábà ń lé. Òmíràn tún wà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú bó bá fò, tata ni oúnjẹ rẹ̀, ibi iná igbó ni ẹ ó ti rí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú wọn ni ẹyẹ ńlá aláwọ̀ eérú kan tí ojú rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà pọ̀ sí, ẹ ṣọ́ ọ. Á dé, ẹ̀gà á bú sí ariwo, á sì so mọ́ ìtẹ́ ẹ̀gà pẹ̀lú orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n kó má baà ṣubú. Á wá na ẹsẹ̀ kan wọ inú ìtẹ́ náà láti wá ọmọ ẹ̀gà. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká síwájú, ó sì ń ká sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tó fi lè wá inú ihò igi tí ẹyẹ mìíràn ò lè dé. Bó bá wà nínú ìdùnnú tàbí ìbínú, awọ ojú rẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè á pọ́n kíákíá. Ó tún ń jẹ ẹyìn. Mo ti rí ẹni tó yìnbọn pa á ní oko, tó ní òun pa àwòdì tó ń jẹ òun ládìẹ. Ó dùn mí gan-an.

Nítorí ìyá ti ń ronú nípa ohun tí kì í ṣe ojú lásán, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti òwìwí kó tó kàn án. Bó bá wọ àjà yín, eku ló wá wá. Odindi ni ó ń gbé eku mì, lẹ́yìn náà á pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìdì gbígbẹ kan. Ẹ fi igi tú ìdì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àjà, ẹ ó ká agbárí eku mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú eyín pupa gígùn rẹ̀. Ilé tó ní òwìwí kò nílò oògùn eku.

Oògùn yìí ni mo fẹ́ bá àbúrò ọkọ yín sọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fara balẹ̀ kà á. Ẹran olóògùn tó bá wà lórí páànù kò ní mọ àwòdì yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ológbò á gun òkè lọ jẹ ẹ́. Ẹ̀fúùfù tàbí ẹyẹ á gbé e wálẹ̀, ajá tàbí adìẹ yín á rí i, Táyé tàbí Kẹ́hìndé náà á rí i. Àwòdì tó bá jẹ ẹ́ kì í sábà kú lójú kan náà. Ó lè fò lọ já sínú kànga ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì rí òkú ẹyẹ tó ṣì gbóná lẹ́bàá ọ̀nà lè gbé e lọ ilé lọ sè. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń rọ sínú ike tí kò ní àkọlé ní ọjà wa ti pa èèyàn rí láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀.

Èyí tó sì ń dùn mí jù ni ti igún. Nígbà tí àwa ń dàgbà, igún máa ń tò sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ọmọdé ò sì kà wọ́n sí nǹkan kan. Ẹ wo ibẹ̀ lónìí. Láti ọdún 2015 ni àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó ń parẹ́ lágbàáyé ti fi igún kékeré tó ń bá èèyàn gbé yìí sí ipò tó léwu jù lọ, ìgbésẹ̀ kan péré ṣáájú píparẹ́ kúrò nínú igbó. Májèlé wà lára ohun tó ń pa wọ́n, orí àti ara wọn tí wọ́n ń tà fún oògùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lórílẹ̀-èdè Guinea-Bissau lọ́dún 2020, ohun tó lé ní 2,000 igún ni májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà èyí tó bá kú kò tètè rí arọ́pò. Àwọn àgbà tó sọ pé igún kì í kú léwe kò mọ̀ pé irú ẹran tí àbúrò ọkọ yín fẹ́ gbé sórí páànù yìí ń bọ̀.

Ilẹ̀ Íńdíà ti rí ohun tó ń tẹ̀lé e. Oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, tí kò tiẹ̀ jẹ́ nítorí ẹyẹ, ló pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú igún wọn láàárín ọdún díẹ̀ kí ìjọba tó fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn lọ́dún 2006. Òkú màlúù ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro sì ń pọ̀ sí i níbi tí igún ti lọ.

Bí ẹ bá sì pa àwòdì méjì yìí, tí ààtàn ṣì wà níbẹ̀, méjì mìíràn á wá. Ìbọn ṣakabùlà náà kò dára ní àárín ilé, ọta rẹ̀ kì í mọ ibi tí páànù aládùúgbò wà. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ láti ọdún 1974, àwòdì, idì àti òwìwí sì wà nínú àkójọ àdéhùn náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun lè mú ọmọ wọn lọ tà sókè òkun.

Lásìkò ìjì òjò àkọ́rọ̀, ọmọ àwòdì lè já bọ́ láti orí àràbà. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé e wọlé tọ́. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó lójú, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú, torí èékánná ló ń ṣeni léṣe ju ẹnu lọ. Ẹ gbé e sínú agbọ̀n, kí ẹ so agbọ̀n náà mọ́ ẹ̀ka igi yẹn níbi gíga tí ajá ò lè dé. Òórùn ọwọ́ èèyàn kò ní kí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́. Á máa bọ́ ọ níbẹ̀. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti dá, ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ lu ihò sí lára, ẹ bò ó kó ṣókùnkùn, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní búrẹ́dì tàbí mílíìkì, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Òkú ẹyẹ, pàápàá bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ sọ fún dókítà ẹran kan náà. Àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó wọ Kàdúná lọ́dún 2006, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ń ran ẹyẹ ìgbẹ́ àti èèyàn pẹ̀lú.

Ẹ má gé àràbà yẹn báyìí. Ẹ dúró di oṣù keje tí wọ́n á ti lọ pátápátá, kí ẹ wá ẹni tó mọ igi gùn kó tú ìtẹ́ náà wálẹ̀, kó sì gé ẹ̀ka tó na wá sórí ilé, torí ojú kan náà ni wọ́n sábà máa ń padà sí lọ́dún tó ń bọ̀. Ní báyìí, bí ẹ bá tún rí ọ̀kan tó bà sórí páànù, ẹ fi fóònù ya ìrù rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ìrù náà kò bá là, ẹyẹ mìíràn ni, ohun tí màá sọ fún yín á sì yàtọ̀.